Alárinà Òkè àti Ìsàlẹ̀

Ní ọ́fíìsì wa, àwa tá à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà la wà lókè, àwọn tó ń bá oníbàárà dá ọjọ́ wà nísàlẹ̀. Àwa ní pátákó tiwa lórí kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, a ó sì máa sún un síwájú bó ṣe ń yọrí. Àwọn náà ní ètò tiwọn, kìkì ọjọ́ ìparí iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀. Èkíní ò gbọ́ èdè èkejì.

Màmá kan tá a sọ ní Alárinà ló wà láàárín. Láràárọ̀ ló ń gun àtẹ̀gùn wá ka káàdì wa, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ sínú tiwọn. Onírùngbọ̀n, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú jù nínú wa, lè kọ ọ́ sábẹ́ káàdì pé: "Wèrè ló mú ọjọ́ yìí." Kó tó dé ìsàlẹ̀, á ti di: "Wọ́n ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ kún un." Mi ò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í tún ṣe bíi tirẹ̀.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ní kó so ètò méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lè máa gbọ́ra fúnra wọn. Ó wá bá mi nídìí tábìlì.

"Àbúrò, bá a bá mojú ara wa tán, alárinà á yẹ̀bá. Kí ni wọ́n á tún fi mí ṣe?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ó so wọ́n pọ̀, wọ́n sì gbọ́ra. Àfi pé ó gbàgbé pé ọ̀rọ̀ abẹ́ káàdì náà á máa bá káàdì lọ sísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Onírùngbọ̀n kọ ọ́ pé: "Ta ló tún mú ọjọ́ yìí? Ṣé ojú oorun ló wà ni?" Ká tó ṣẹ́jú, ọ̀gá ìsàlẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò gun àtẹ̀gùn yẹn rí.

"Èmi ni mo mú un! Ọ̀lẹ ni yín! Ìgbín yá jù yín lọ!"

Alárinà bọ́ sáàárín wọn, ó kọjú sí Onírùngbọ̀n, bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀:

"Ọ̀gá ní kí lẹ nílò tẹ́ ẹ fi lè tètè parí ẹ̀?"

Onírùngbọ̀n wo ọ̀gá, ọ̀gá wo òrùlé.

"Ọ̀sẹ̀ kan sí i, mà," Onírùngbọ̀n sọ ọ́ fún Alárinà.

"Ẹ sọ fún un pé mo gbà," ọ̀gá náà dáhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ kó tó yíjú padà. "Màmá, ẹ jẹ́ kí káàdì máa gba inú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa gbé e. Mo bẹ̀ yín."