Súkúrú àti Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Ìyàwó Rẹ̀

Òjòwú ni Súkúrú. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohun rere kankan nípa rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pamọ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kí oníbúrẹ́dì tó sì rẹ́rìn-ín, Súkúrú á ní búrẹ́dì ọkùnrin yẹn ti le jù, kí wọ́n máa ra ti ibòmíràn. Iṣẹ́ taipuráítà títúnṣe ló ń ṣe nígbà náà. Kò sí ìgbà tí èèyàn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí kò ní bá súkúrú kan láàárín ìka rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ẹnu iṣẹ́ yìí náà ló ti rí ìyàwó. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, taipuráítà rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó tún dákẹ́.

"Mi ò mọ ohun tó ṣe é o, bọ̀ọ̀dá. Ó kàn kú ni." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì kọjú sí fèrèsé.

Súkúrú á tú u, á rí i pé okùn tó ń fa orí ẹ̀rọ náà ló yọ, á dá a padà, á wá jókòó pẹ́ ju bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe tó lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣègbéyàwó tán ni ìyàwó tó jẹ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, pé òun lòun ń fọwọ́ ara òun yọ okùn náà. "Ṣé kí n wá máa ké pè yín láti ojú fèrèsé ni?" Inú Súkúrú dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé. Lójú tirẹ̀, kò sí ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ tó òun láyé.

Ló bá ṣe ẹ̀bùn kan fún un. Ó yọ òòfà inú rédíò kan tó ti bàjẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí agolo kékeré kan, ó sì kun agolo náà ní pupa. Bí taipuráítà bá mi tábìlì tìtì báyìí, píìnì ìwé tí ìyàwó ń kó sínú rẹ̀ kò ní fọ́n ká mọ́. Ìyàwó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ṣí i nípò.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé tiyín sínú àpò, ẹ kò lè mọ bí àwọn ti ìgbà yẹn ṣe rí. Gbogbo wọn bá ara wọn tan ni: ẹ̀gbọ́n wà fún ọ́fíìsì, àbúrò wà fún ilé, tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ni ọ́fíìsì ìyàwó Súkúrú rà. Àpótí ńlá ni, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó sì lẹ́nu méjì lápá iwájú. Bí wọ́n bá ti pa á, gbogbo ohun tó mọ̀ ló gbàgbé nìyẹn. Láràárọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ki dísíkẹ́ẹ̀tì pelebe kan, èyí tó ń bá a rántí nǹkan, bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó tó lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n kó taipuráítà lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìyẹn dun Súkúrú, àmọ́ ohun tó fẹ́ pa á kọ́ nìyẹn.

"Ó tún kú lónìí," ni ìyàwó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń bọ́ bàtà. "Dísíkẹ́ẹ̀tì ò dá wa lóhùn. Oníkọ̀ǹpútà ló wá bá wa ṣe é."

"Ó tún wá?"

"Ó wá. Ó tiẹ̀ ṣe sùúrù fún mi gan-an."

"Sùúrù wo?"

Ìyàwó gbé bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Súkúrú ti rí oníkọ̀ǹpútà yìí rí: ọmọkùnrin gíga kan, ó de táì, lọ́fínńdà rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tó ń kú lemọ́lemọ́, obìnrin tó ń ránṣẹ́ pe alátùn-únṣe. Ta ni ìtàn yìí yé tó Súkúrú? Kò lè jẹun, kò lè sùn. Ó gbóòórùn ìborùn ìyàwó rẹ̀ bóyá lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Níjọ́ kan ó ṣàdédé bi í léèrè pé, "Ṣé fèrèsé ṣì wà níbi tó o jókòó sí?"

Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ sí ọ́fíìsì náà, ó ní òun wá gbé taipuráítà kan tí wọn kò lò mọ́. Ó gbé e tán, ó tún gbé e gun àtẹ̀gùn lọ sókè, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí wọn: oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ìyàwó Súkúrú jókòó tì í.

"Àǹtí, mo ti rí i," ni oníkọ̀ǹpútà ń wí. "Agolo yìí ni. Òòfà ló wà nídìí ẹ̀, ibẹ̀ lẹ sì ń kó dísíkẹ́ẹ̀tì tì. Òòfà ló ń pa gbogbo ohun tó wà nínú wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín jù ú nù."

"Má fọwọ́ kàn án!" Obìnrin náà ti gbá agolo mọ́ àyà. "Ọkọ mi ló ṣe é fún mi. Kọ̀ǹpútà rẹ ni kó o gbé kúrò níbẹ̀!"

Súkúrú jẹ́ kí ẹrù ọwọ́ rẹ̀ dagun. Orí taipuráítà yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, agogo rẹ̀ sì dún gooro. Àwọn méjèèjì bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin náà nìyẹn," ni ìyàwó wí. "Abájọ tẹ́ ẹ fi ń fimú tẹ̀ lé ìborùn mi kiri."

Ojú tì í, ilẹ̀ kò sì lanu kó gbé e mì. Agolo padà sílé, dísíkẹ́ẹ̀tì rí ara gbà. Ṣé owú wá tán? Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ohun tó kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé bí ẹ̀rọ yẹn bá sín lásán, ọkùnrin mìíràn ni wọ́n á pè. Ló bá tọ oníkọ̀ǹpútà lọ, ó ní kó kọ́ òun níṣẹ́. Àgbà ọkùnrin wá ń pe ọmọ kékeré ní ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí iṣẹ́ ni àbí torí Àǹtí?"

"Ọ̀gá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́, ẹ fi Àǹtí sílẹ̀."

Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, owú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n ìgbà tó mọ̀ ọ́n tán, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yẹn kò bàjẹ́ mọ́. Ara rẹ̀ le koko. Súkúrú ń tún ti gbogbo ìgboro ṣe, inú sì ń bí i sí ẹyọ kan ṣoṣo tí kò ṣàìsàn. Ó dà bíi pé ìyàwó rẹ̀ kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, òun náà sì wà nínú ẹnikẹ́ni ọ̀hún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ọ́fíìsì Àǹtí ni. Ẹ̀rọ wọn ti kú."

Súkúrú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ jọ níwájú ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ ohun tó ṣe é o, bọ̀ọ̀dá. Ó kàn kú ni." Ó kọjú sí fèrèsé.

Súkúrú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Okùn iná rẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti rọra ká a jọ. Ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó wá fa àga kan mọ́ra, ó jókòó.