Ẹni Tó Máa Mú Bàbá Dé Ọ̀yọ́ Ilé

Ogójì ọdún ni bàbá mi, Mùnírù oníṣẹ́ awọ, fi ran àpò àti tìmùtìmù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ: kí àwọn fojú ara àwọn rí Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí ogun tú, tí oríkì ilé wa kì í parí láì dárúkọ rẹ̀. Dókítà ti wá sọ pé ìríran tó kù fún wọn ò ní pé oṣù mẹ́ta mọ́. Èmi Ràmọ́tà bá dìde, mo ń wá ẹni tó máa mú wa lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ bá, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá ti fà lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀rùn wo, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní kí n lọ bá Olúwaṣògo l'Ọ́jà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun ń fi ọ̀kadà gbé èèyàn débẹ̀ nínú òjò. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

Ó ní kí n ra bàtà rọ́bà fún Bàbá, kí n di oúnjẹ ọjọ́ méjì, kí n má gbàgbé oògùn ẹ̀fọn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí bàsíà kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpáàdì ló kún inú rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ erùpẹ̀ ara wọn.

"Ọ̀yọ́ Ilé ni mo ti hú wọn," ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn àlejò máa ń rà á gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ mú ọ̀kan."

Ṣíọ̀! Ìkòkò tí ìyá oníyàá fi sebẹ̀ ni ọ̀dájú yìí ń tà bí ẹ̀pà. Ó kó mi nírìíra. Mi ò bú u, torí mo ti kúnlẹ̀ fún un. Mo kàn tutọ́ sí gọ́tà, mo wọkọ̀ padà sílé.

Mo rò ó fún Bàbá, mo rò pé wọ́n máa ṣẹ́ èpè. Wọ́n ń fọwọ́ tá ilẹ̀ wá abẹ́rẹ́ tó wà níwájú wọn gan-an.

"Èèyàn burúkú ni," wọ́n ní. "Èmi náà kórìíra ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni n ó fi wo ibẹ̀? Pè é."

Mo gbé fóònù. Ara mi fúnra mi ló wá ń rí mi lára bí mo ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọjọ́ wo lẹ ráyè mú wa lọ?"