Aṣọ Àyálò ní Ifọ̀

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo fi ń rántí Ifọ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí kò tíì parí nígbà náà, wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, kò sì ní fèrèsé. Níbẹ̀ ni àwa tí àwọn agbébọn lé kúrò ní àwọn abúlé ẹ̀bá ẹnubodè ń sùn, tọkùnrin tobìnrin, aṣọ ìkélé kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà á máa rùn bí ibojì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Mi ò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ènìyàn kò bá fẹ́ kó dé, kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Gàrí ni mo ń yan ní abúlé wa, àwọn oníbàárà mi ń ti òdìkejì ẹnubodè wá rà á. Ẹnu mi mú bí abẹ. Àwọn tó bá fẹ́ dúnàádúrà lọ́dọ̀ mi máa ń kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n afínjú àgbẹ̀. Ó fẹ́ràn aṣọ ju bí àgbẹ̀ ṣe yẹ kó fẹ́ràn aṣọ lọ. Mo máa ń bi í pé, "Ẹ̀yin yìí, ṣé èmi lẹ fẹ́ ni, àbí télọ̀?" Á rẹ́rìn-ín, á sì tún lọ gba ìwọ̀n òmíràn.

Ọ̀sán ni wọ́n wọlé tọ̀ wá. Ọkọ mi wà lóko ní ìkọjá odò. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìbọn, a ṣe bí àwọn ọdẹ ló ń sin òkú ọdẹ ẹgbẹ́ wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń yìnbọn lójú oórì. Obìnrin kan tilẹ̀ ń béèrè pé ta ló kú. Ìgbà tí a rí èéfín lórí ilé ni ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ré. Mo pọn ọmọbìnrin mi, mo ya yàrá láti gbé àpò gàrí tí a ó máa jẹ lọ́nà, mo gbé àpò lérí, ó di inú igbó. Nígbà tí a jókòó tí mo tú u, aṣọ ọkọ mi ni mo bá níbẹ̀. Òrùlé wa ń jò, èmi fúnra mi ni mo kó wọn sínú àpò gàrí kan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ebi ń pa ọmọ, ìyá gbé òfì àti bùbá àdìrẹ sórí. Mo rẹ́rìn-ín ara mi títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún.

Àwọn ará ibí ṣe dáadáa fún wa, n kò lè purọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan wá láti Mówe, àwọn Àlùhájà sì wá láti Ìbàfò, wọ́n ń gbé ìrẹsì, ẹ̀wà, ọṣẹ àti àwọ̀n ẹ̀fọn wá. Ní ọjọ́ kìíní, mo kọ̀, mi ò tò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tó kàn wá kí wọn. Ta ni kí n máa tẹ́wọ́ sí, èmi tí mo ń bu gàrí lé e fún oníbàárà? Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún dé, èmi ni mo wà níwájú.

Nínú àwọn tó ń wá, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Mówe. Òun ni olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sanra, ó ń lo awò ojú, kì í sì í pín ohunkóhun kí ó tó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà wa. Ìyẹn mú mi fẹ́ràn rẹ̀.

Ọkọ mi ni mi ò gbúròó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà ilé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọdá ẹnubodè sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìyẹn ni mo dì mú. Mo fi àpò aṣọ rẹ̀ kọ́ ìṣó lókè ẹní mi, kó lè bá wọn nígbà tó bá dé.

Òjò wá mú òtútù wá. Aṣọ tí wọ́n ń kó fún wa, ti obìnrin àti ti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀ sá wá náà ni wọ́n ń wọ̀ kiri. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí òun náà wà pẹ̀lú wa nínú gbọ̀ngàn, ṣòkòtò kan àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi sá wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ.

Ọjọ́ kan ni Màmá Mówe rí àpò tí mo fi kọ́. Ó rọra sún mọ́ mi. "Ìyàwó mi, ẹ má bínú o, ṣé aṣọ ọkùnrin ló wà nínú ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká pín in fún àwọn bàbá wọ̀nyí. Òtútù yìí ti pọ̀ jù. Ọlọ́run á fi tuntun rọ́pò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pín aṣọ ọkùnrin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin ín. Obìnrin náà kò ro ibi, òtútù ló rí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dúró rò ó. Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni ó tó bí mi lọ́mọ.

Mo gba ara mi lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò gba ara mi lọ́wọ́ ikọ́ yẹn. Bí ọkùnrin yìí bá kú sí abẹ́ àpò aṣọ àbúrò rẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún ọkọ mi? Bí mo bá sì pín in, mo ti fi ọwọ́ ara mi sin ọkọ mi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló tú kókó náà. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n kì í jogún àbúrò. O mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bí àbúrò mi bá ti kú, èèwọ̀ ni kí n wọ aṣọ rẹ̀. Nítorí náà, yá mi ní ọ̀kan. Tó bá dé, màá bọ́ ọ fún un."

Mo tú àpò. Bùbá òfì tó nípọn jù lọ ni mo mú fún un, èyí tí ọkọ mi wọ̀ nígbà ìgbéyàwó wa. Ẹ wo bàbá nínú òfì, láàárín ẹní àti ìkòkò dúdú. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, níbo lòde wà lónìí?" Á ní, "Ilé àbúrò mi ni." Àwọn ọkùnrin yòókù wá lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù ń sọ pé òun yá a ni o, títí onílé yóò fi dé. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá Mówe, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. Ó ní ìyá òun náà ì bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbígbé Èkó pẹ́ ni kò jẹ́ kí òun rántí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn. Ọkọ mi wà káàkiri gbọ̀ngàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà nídìí kànga, apá rẹ̀ wà lórí ìlà oúnjẹ. Bí mo bá jí, ẹ̀gbọ́n ni mo ń kọ́kọ́ wò. Níwọ̀n ìgbà tí òfì bá ti wà lọ́rùn rẹ̀, ọkọ mi ń mí níbì kan. Màmá Mówe ra súwẹ́tà fún un, ó dúpẹ́, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ padà lọ wo àwọn oko wa. Ọ̀kan nínú wọn wá sí ọjà Ifọ̀, ẹ̀gbọ́n sì lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kò rẹ òun, ó ní ebi kò pa òun. Mi ò béèrè nǹkan kan. Ẹnu tó mú bí abẹ, ó kú.

Mo ń dáná ní òwúrọ̀ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ìdí kànga. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fọ òfì náà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wọ̀ ọ́, òtútù ń mú."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ ṣáà wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ di ọ̀la."

Ó ní, "Ìyàwó, n kò lè wọ̀ ọ́ mọ́."

Kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, àwọn yòókù ti kó tiwọn wá, wọ́n ká a jọ sórí ẹní mi. Lẹ́yìn ìgbà tí a ṣe gbogbo ètò tó yẹ, a pín wọn fún àwọn tó kéré sí i nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n kò mú nǹkan kan. Ó jókòó sínú òtútù, ó ń wò wá.

Ifọ̀ náà ni mo wà títí di òní. Màmá Mówe àti àwọn obìnrin rẹ̀ ló bá mi wá agbada tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gàrí yíyan padà, ọmọbìnrin mi sì ti ga jù mí lọ. Inú mi ń dùn, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba aṣọ náà ti tú ká, wọ́n ti wọ̀ ọ́ gbó, wọ́n ti fi tọrẹ, mi ò mọ ọwọ́ tí ó wà mọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí màá rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, nínú bùbá àdìrẹ tí ojú mi mọ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ mi ti kú. Síbẹ̀ màá fi gàrí sílẹ̀ lórí iná, màá tẹ̀lé onítọ̀hún, mi ò sì ní pè é. Títí yóò fi yíjú padà, mo ní ọkọ.