Odò tí Tẹjúmọ́lá Di Ẹrù Lé Lórí

Bí ẹ bá rí Tẹjúmọ́lá nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi ní wáàfù Apapa, ẹ ó bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ kó àpò kòkó, irin àti àgbá epo fún un, yóò tò wọ́n débi pé eku ò ní ríbi na ẹsẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n tó bá ti délé ní Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú nǹkan méjì, páànù òkè ló máa ń wò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Dinah ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní ọjà Boundary, ti sọ ọ́ di eré.

"Bàbá Fìkáyọ̀, ọbẹ̀ ń jóná, òjò sì ń pa aṣọ tí mo sá. Èwo lẹ ó kọ́kọ́ ṣe?"

"Ọbẹ̀ wo ni?"

Dinah á rẹ́rìn-ín títí á fi gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ.

Irú ẹni báyìí ni ọ̀rọ̀ odindi igbó wá já lé lórí lọ́dún 1993.

Ìdí-Ẹmì ni ìlú Tẹjúmọ́lá, létí igbó tí ìjọba ti sọ di páàkì fún ẹranko. Inú páàkì yìí ni Odò Àlárì ti ń ṣàn wá sílùú. Àwọn agégẹdú ń yọ́ wọlé, wọ́n ń gé igi etí odò, oòrùn sì ń fa omi náà gbẹ. Ẹfọ̀n àti ọ̀bọ tí kò rí omi mu mọ́ wá ń jáde sóko, wọ́n ń fi iṣu oníṣu panu. Màmá Tẹjúmọ́lá ti ránṣẹ́ pé bí odò náà bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, òun á palẹ̀ mọ́ kúrò nílé tí òun ti bímọ. Tẹjúmọ́lá fi ọkàn wọn balẹ̀. Ó ní odò yẹn ni ìjọba yóò kọ́kọ́ tún ṣe.

Ohun tó gbójú lé ni pé Ọ̀gá Gregory, òṣìṣẹ́ páàkì náà, ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ ọmọ Ìdí-Ẹmì ní Èkó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣèpàdé, ní kíláàsì kan ní Olodi-Apapa, tí àwọn àgbàlagbà ti ń ká eékún sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Gregory kó àwòrán tí wọ́n yà sára páálí wá. Ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìbọn wà níbẹ̀, ọ̀nà mọ́tò wà níbẹ̀, ilé àlejò, oyin àti èso ẹmì tí aráàlú fẹ́ máa wọlé ṣà, àti odò.

"Ẹ̀yin ará, owó ìjọba ò lè ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀," ló wí. "Ẹ gbé wọn lé ara wọn, kí n lè mọ èyí tí ẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ n lọ wo táyà mọ́tò mi tó ti rọ̀."

Bó ṣe jáde, ilé dà rú. Níyìọlá alága fẹ́ ilé àlejò, ó ti ń rí ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú ọtí tútù. Àwọn obìnrin ní oyin ni. Nígbà tó yá, ó sú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì pariwo.

"Tẹjú, ìwọ lo mọ ẹrù tò. Tò ó fún wa!"

Lọ́jọ́ yẹn, Tẹjúmọ́lá ò wo páànù. Ó gbé odò kalẹ̀, ó gbé ẹ̀ṣọ́ lé e, ó gbé oyin àti ọ̀nà lé wọn, ó wá fi ilé àlejò bo gbogbo ẹ̀ lórí. Alága yọ̀. Tẹjúmọ́lá náà yọ̀, ó ń ṣe kàyéfì pé kò sẹ́ni tó bá òun jà. Gregory wọlé, ó fi rọ́bà so páálí náà, ó kí wọn, ó lọ.

Ní oṣù mélòó kan sí i, Màmá dé sí Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá òrí lórí, ojú wọn le.

"Tẹjú, ilé ni wọ́n ń kọ́. Ilé àlejò! Ta ni kó wá sùn níbẹ̀, ọ̀bọ?"

"Màámi, odò ni mo kọ́kọ́ gbé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e."

"Gbé e lọ síbo?"

Tẹjúmọ́lá rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé Gregory pààrọ̀ ẹ̀ ni? Àbí alága ni? Nígbà tó dé wáàfù, ó fi ike oúnjẹ márùn-ún to ọ̀rọ̀ náà fún Rukevwe tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Rukevwe wo ike náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Teju! Na ship you dey load? Which one the man go carry first?"

Tẹjúmọ́lá na ọwọ́ sí ike. Ti òkè ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nínú ikùn ọkọ̀, ohun tó bá wúwo jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé sísàlẹ̀, òun ní í mú ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé òkè ni àwọn ará ọ́fíìsì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gregory padà wá sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn páálí náà, ó ní ilé ti dé ojú fèrèsé. Tẹjúmọ́lá dìde, ó ṣàlàyé ikùn ọkọ̀, ó ṣàlàyé ike, ó tún padà sí ikùn ọkọ̀. Gregory ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè ẹja.

"Ṣé kí n dojú ẹ̀ dé ni?" ni Gregory bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o. Ẹ dúró ná, apá ibo ni òkè?"

Màmá, tí wọ́n bá Tẹjúmọ́lá àti Dinah wá, dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fa páálí odò yọ, wọ́n fi lé Gregory lọ́wọ́. "Ọmọ mi, ìyẹn nìkan ni kí ẹ gbé lọ." Dinah ti yára kó ìyókù sínú báàgì rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má baà tún tò wọ́n.

Alága kùn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin pariwo mọ́ ọn lórí. Gregory gbà. Owó tó kù yóò lọ sí igi gbíngbìn létí odò àti ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ilé àlejò á dúró sí ojú fèrèsé báyìí ná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Dinah gbé ẹ̀bà síwájú ọkọ rẹ̀, kò sí ẹran lójú ọbẹ̀. Tẹjúmọ́lá wo abọ́, ó wo páànù òkè.

"Ìyá Fìkáyọ̀, ẹran mi dà?"

"Mo kọ́kọ́ gbé e," ni Dinah wí. Màmá ti ń fi ìborùn bo ẹnu. Tẹjúmọ́lá ronú díẹ̀, ó wá rọra ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀bà.