Ajá Tí Dókítà Wò Láti Òkèèrè

Ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1969, ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ajá ìyá mi kọ oúnjẹ. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ń wò ó lọ́wọ́. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìjọba ti kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tí kì í wo aago ní ilé wa.

Àwa ni àjèjì tí wọ́n ń wí. Ìyá mi ti ń ta ọṣẹ àti aṣọ ní Accra kí ó tó bí mi. James Town ni ó bí mi sí, níbi tí a ti ń rí ilé iná etíkun láti ojú fèrèsé. Accra náà ni mo ti kàwé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ni. Wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ pé kí n má gba ohunkóhun gbọ́ láìrí ẹ̀rí. Nígbà tí rédíò wá sọ fún mi pé àlejò ni mí, mo wá ẹ̀rí rẹ̀ títí, n kò rí i. Àṣé ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe kẹ́míkà.

Abo ajá pupa ni ajá náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló ń ṣọ́ yàrá tí ìyá mi ń kó ọṣẹ sí. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ odindi gbólóhùn kan, bí orúkọ ajá ti máa ń rí láàárín wa. Ìyá mi fi orúkọ náà dá obìnrin Gá kan lóhùn, ọmọ ìbílẹ̀ Accra tó ń yan ẹja ní àgbàlá kan náà pẹ̀lú wa, lórí ọ̀rọ̀ èéfín tó ń wọ inú aṣọ títà. Ẹni tó bá fẹ́ bá aládùúgbò jà láìyájú sí i, kí ó ra ajá. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ajá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi á pe ajá, obìnrin náà á gbọ́ tirẹ̀. Obìnrin náà á wo ojú ajá, á fèsì, ní Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu wa. N kò ní í kọ orúkọ náà síhìn-ín, nítorí mo ti pinnu pé n kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, orúkọ ajá yìí sì sún mọ́ orúkọ ènìyàn jù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹnu ajá là sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, itọ́ ń fà bí òwú títí dé ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé ẹsẹ̀ iwájú, á fi gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí èyí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ìyá mi kò kọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí ẹrù tó ń dì lọ́wọ́.

"N kò di ẹrù mọ́," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣọ́ ẹrù mi. Ọjọ́ tí mo ń kó ẹrù ni n ó wá fi í sílẹ̀ kó kú? Wá ẹni tí yóò wò ó."

"Mà, ọjọ́ méjìlá ló kù fún wa."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo kàwé. Kà á fún ìjọba."

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ajá sínú àpótí ọṣẹ, mo gbé e lé ọmọlanke, mo tì í lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ti ìjọba. A gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó tò lórí ìlà ìwé ìgbélùú kọjá. Ìlà náà gùn dé ibi tí n kò ti rí iwájú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ọkùnrin kan wí láti orí ìlà, "ajá yín náà fẹ́ gba ìwé ni?"

"Ó ti gba tirẹ̀," mo fèsì. Òótọ́ ni. Páànù àṣẹ tí ìjọba ń fún ajá wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà. Nínú gbogbo ilé wa, òun nìkan ni ìwé rẹ̀ pé.

Dókítà náà wọ aṣọ funfun. Lórí tábìlì rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ aláwọ kan wà, tuntun, bébà ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n dúró pẹ̀lú ajá lábẹ́ igi dógóyárò. Mo fi ojú wọn àyè àárín wa: ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, bí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ta ló ni ín?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Alata ni yín?" Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni orúkọ ajá?"

Mo sọ ọ́. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ó túmọ̀ sí Sùúrù. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa ní ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn.

"Dìgbòlugi ni," ó ní. "Irú èyí tí kì í lé ènìyàn, tó kàn ń la ẹnu sílẹ̀. Wọn yóò wá yìnbọn fún un nílé yín ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́sàn-án. Ẹ so ó mọ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ò ní í wo inú ẹnu rẹ̀?"

"Kí ni mo tún fẹ́ wò? Ṣebí ó là á sílẹ̀."

"Ṣé kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ," ó ní, ó ń kọ ìwé ìbọn lọ́wọ́, "kí lẹ fẹ́ fi ajá ṣe?"

Nígbà tí mo délé, mo to ìdí tó mú wá sínú ìwé mi. Ìdí mẹ́ta ni. Ẹnu là sílẹ̀. Itọ́ ń dà. A ń lọ. Méjì àkọ́kọ́ bá dìgbòlugi mu. Wọ́n bá akokoro mu pẹ̀lú, wọ́n sì bá ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn mu ní àṣálẹ́ tí rédíò sọ̀rọ̀. Ìkẹta kì í ṣe àmì àìsàn kankan tí mo tíì kà nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ọkùnrin náà purọ́. Ajá dìgbòlugi máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò mọ̀, bí èmi náà kò ti mọ̀, àti pé òun ló ni ìbọn.

Obìnrin ẹlẹ́ja ń to ẹja sórí ààrò nígbà tí mò ń sọ èyí fún ìyá mi. Ó gbójú sókè, ó wo ajá.

"Dókítà yẹn fọwọ́ kàn ọ́?" ó bi ajá léèrè. "Kò fọwọ́ kàn ọ́. Bí oníbàárà bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó ní ẹja mi ti rà, tí kò gbóòórùn rẹ̀, ìrù ẹja náà ni mo fi ń gbá a lẹ́nu."

"Ajá," ni ìyá mi wí, "bi í bóyá a bá a sọ̀rọ̀."

"Ajá, sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀mí rẹ ni mò ń wí, kì í ṣe ti rẹ̀. Kí wọ́n gbé ọ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tọ́jú ẹṣin, lẹ́bàá pápá ìsáré ẹṣin. Bàbá yẹn máa ń fọwọ́ kan nǹkan."

"Ajá," ni ìyá mi wí, "sọ fún un pé a gbọ́."

Mo ronú lórí rẹ̀ nígbà náà pé bí ajá yìí bá kú, àwọn obìnrin méjì yìí yóò ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. N kò rò pé àgbàlá náà lè gbà á.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìyá mi gbé ajá lọ. Bàbá ẹlẹ́ṣin jẹ́ Hausa arúgbó kan, ó jókòó láàárín àpótí mẹ́ta tí a ti fi okùn dì. Òun náà ń lọ. Kano ni wọ́n ní kó padà sí. Ó ní òun kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bàbá òun máa ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀ dáadáa. Oṣù ààwẹ̀ ni, ètè rẹ̀ gbẹ.

Kò sọ nǹkan kan nípa ẹnu ajá. Ó ní, "Kí ló jẹ ní Ọjọ́rú?"

Kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yìí títí di ìgbà náà, èmi alára kò sì bi ara mi. Ajá wa, ẹja ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì ìkéde, àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó wà ní ilé kejì pa ewúrẹ́ wọn nítorí pé wọn kò lè kó wọn lọ. Wọ́n fi ẹran ṣínu, wọ́n sì ju egungun síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Mo sọ fún un.

"Ẹ̀hẹ̀n," ó ní. Ó gbé omi sílẹ̀ níwájú ajá. Ajá sáré sí i, ó fi ahọ́n lá a, omi kò wọlé. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ bíi tèmi. Dì í mú."

Mo fi eékún méjèèjì há ajá lọ́rùn. Mo gbé ojú mi jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi náà. Dì í mú dáadáa."

Ó fi igi kan há ẹnu náà kí ó má baà pa dé, ó wé aṣọ mọ́ ọwọ́, ó ki í bọ̀ ọ́. Egungun ewúrẹ́ kan ló há lábẹ́ àjà ẹnu, láti eyín ẹ̀yìn òsì dé ti ọ̀tún, bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ. Ó gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ajá pa ẹnu dé. Ìyá mi fi ìborùn bo ojú.

Bàbá wá ní kí n bu omi àti iyanrìn wá. Itọ́ ajá ni ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó sá fún ju gbogbo itọ́ lọ. Ó fi iyanrìn fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi omi fọ̀ ọ́. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀méje gééré. Ẹni tí ìjọba ra ìbọ̀wọ́ fún kò rí àyè wọ̀ ọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìwé kékeré kan fún mi, kí n fi han dókítà.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí ìwé mi bá wúlò ní ìlú yìí, ara mi ni n ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún."

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ, egungun nìkan ni mo mú dání, nínú páálí ìṣáná. Dókítà wo inú páálí náà láì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ kí n jẹ́rìí sí i pé ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wa lọ́tẹ̀ yìí.

"Ajá tí egungun há sí lẹ́nu lè ní dìgbòlugi," ó ní.

Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí gan-an.

"Báwo la ó ṣe wá mọ̀, sà?"

"Bí ó bá gbé ọjọ́ mẹ́wàá láìkú, tó sì ń jẹun, kò ní i."

"Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin, sà, láti Ọjọ́bọ̀. Ó ti ń jẹun láti ọjọ́ Àbámẹ́ta."

"Láti òní ni a ó kà á. Òní ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó fagi lé ìbọn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó kọ ìwé mìíràn, ó fi òǹtẹ̀ lù ú: ajá kò gbọdọ̀ kúrò ní James Town títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Ọjọ́ kejì oṣù náà ni àwa kò gbọdọ̀ sí ní ìlú mọ́. Báyìí ni ìjọba kan náà ṣe lé gbogbo ilé wa, tó sì ka kíkúrò nílé léèwọ̀ fún ajá. Awakọ̀ lọ́rì tí a háyà gbọ́, ó ní òun kò ní í gbé ajá tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ dé ẹnubodè.

Mo rò pé ìyá mi yóò tún jókòó sórí ẹrù. Kò jókòó. Ó di gbogbo ẹrù tán ní ọjọ́ mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, nígbà tí lọ́rì ti dúró lójú títì, ó mú okùn ajá dání, ó rìn lọ sí ìdí ààrò. Ó dúró pẹ́. Ajá wo ìyá mi, ó wo obìnrin náà, ó ń retí iṣẹ́ rẹ̀.

"Má fún un ní egungun ewúrẹ́," ni ìyá mi wí. Kò wo ajá nígbà tó ń sọ ọ́.

"Ẹja ni yóò máa jẹ," ni obìnrin náà fèsì. "Ẹja kò há mọ́ ajá mi lẹ́nu rí."

"Ajá ta?"

"Ajá wa. Má bẹ̀rẹ̀."

"O lè yí orúkọ rẹ̀ padà."

"Kí ni mo fẹ́ yí i sí? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jẹ́ ẹ."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀rín náà, n kò sì ní í méfò. Obìnrin náà gba okùn.

Lẹ́yìn náà, ní Ìbàdàn, oríṣiríṣi ìròyìn dé bá wa. Ẹnì kan ní ajá náà sanra. Ẹlòmíràn ní ó bímọ mẹ́rin, èyí tí n kò gbà nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní obìnrin ẹlẹ́ja ń fi orúkọ náà bá agbowó orí ilé jà. Èyí ṣeé gbà, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni èyí. Ní agogo mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, láti ẹ̀yìn lọ́rì, mo rí ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tó kọ oúnjẹ. Orí ẹja kan wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń pàdé, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá kí lọ́rì tó yà ní ìkóríta.