Àwọn Ojúgbà Mi Lórí Pẹpẹ Bàbá Mi

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, torí mo lè bínú. Ọdún kẹrìnlá nìyí tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Libreville, olú ìlú Gabon, síbẹ̀ títí di ọdún tó kọjá, n ò lè ṣírò ọjọ́ orí ara mi. Bàbá mi ló fà á, òun àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní Nombakélé, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju yàrá ìdáná lọ, lẹ́bàá ọjà Mont-Bouët. Àwọn tó kù tó ń ta orin a máa tò ó bí gbogbo ayé ṣe ń tò ó: ti Kóńgò lápá kan, ti Kamẹrúùnù lápá kan, ti òyìnbó lókè. Bàbá tèmi kọ̀. Ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ló fi ń tò wọ́n. Á lẹ bébà funfun mọ́ etí pẹpẹ, á kọ ọdún sí i, á wá kó gbogbo ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà jọ síbẹ̀, ìbáà ṣe àwọn onírúńbà, ìbáà ṣe àwọn ọmọ òyìnbó onígìtá tí irun bo ojú wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ṣakí ní ìlú àwọn nìyẹn, pé ẹni tí a jọ wáyé lọ́dún kan náà, ojúgbà ẹni ni, ì báà má gbọ́ èdè ẹni. Oníbàárà tí kò bá mọ ọdún á dúró pẹ́. Àwọn mìíràn a máa bú u. Bàbá mi á ní kí wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó ń lé wọn.

Kì í sì í gba ẹgbẹ́ kankan sórí pẹpẹ láìwádìí. Á bi awakọ̀ tó ti Duala dé, á bi atukọ̀, á bi àwọn ará Kutonu tó ń ta aṣọ. Ìgbà kan wà tó wọ takisí lọ sí Oloumi, nítorí kó lè bi onílù ẹgbẹ́ kan, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe lójú ọ̀sán, bóyá kí ọdún tuntun tó wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àbí lẹ́yìn rẹ̀. Onílù náà ò rántí. Wọ́n jọ fà á títí dìrọ̀lẹ́, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ààfáà wa bá bàbá mi wí lórí ọ̀rọ̀ orin yìí títí ó fi sú u.

Ọdún tèmi, ìyẹn ọdún tó wà nínú ìwé ìbí mi, pẹpẹ kejì láti ìsàlẹ̀ ló wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Lọ́jọ́ ìbí mi, tí bàbá mi bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ààbọ̀, á ní kí n wá jókòó sórí ẹní, á wá máa fi àwọn ojúgbà mi sínú rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí kéèkì, kò sí àbẹ́là. Àwọn ará Kóńgò ló máa ń kọ́kọ́ kọrin, gìtá wọn á máa rọra yí, á máa yí, kò ní í fẹ́ parí. Àwọn onírẹ́gẹ́ láti Jàmáíkà á tẹ̀ lé wọn, páànù orí ilé á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn wọn ni àwọn onígìtá láti ìlú òyìnbó, tí ìyá mi máa ń ní kí a bá òun pa ẹnu wọn dé. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń fi èdè Potogí kọrin bí ẹni tó ń sunkún lórí oúnjẹ tó dùn. Àwọn onídùùrù ará Ìbàdàn ló máa ń kẹ́yìn, bàbá mi nìkan ni ìjìnlẹ̀ Yorùbá wọn sì ń yé.

Òjò sábà máa ń rọ̀ lákòókò yẹn. Mo máa ń sùn lọ lórí ẹní náà, ohùn á máa wọnú ohùn, n ò ní í mọ ìgbà tí ti Kóńgò tán tí ti Jàmáíkà bẹ̀rẹ̀. Lójú oorun mo máa ń rí gbogbo wọn. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n, ìyá wọn pọ̀n wọ́n, oríṣiríṣi aṣọ, wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà wa títí wọ inú ọjà, wọ́n ń dúró kí n jáde wá. Ẹlòmíràn mú gìtá kékeré dání. Mo máa ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á dáhùn ní èdè tí n ò gbọ́, gbogbo wa á sì jọ bú sẹ́rìn-ín. Tí mo bá jí, á máa ṣe mí bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Bí ọmọ kan bá ń fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe fáàrí fún mi nílé ìwé, mo máa ń dá a lóhùn pé tèmi wà káàkiri ayé. Mo gbéraga, n ò ní í purọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní n óò ṣe ogójì ọdún. Mo fẹ́ se ìrẹsì àti ẹja, kí orin àwọn ojúgbà mi sì máa dún látàárọ̀. Mo lọ pe àbúrò ìyá mi ní Lalala, nítorí ìyá mi ti lọ sínú àánú Ọlọ́run. Ó ń ṣẹ́ aṣọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ogójì wo? Ẹni tó ni ìwé yẹn ni ì bá pé ogójì.” Ìgbà tó gbójú sókè wò mí ló tó mọ̀ pé ẹnu òun ti já.

Mo dúró tì í títí ó fi sọ ọ́. Àwọn òbí mi bí ọmọbìnrin kan ṣáájú mi. Ibà ló gbé e lọ, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìwé ìbí rẹ̀ ti wà ní mẹ́rì, ilé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, bàbá mi ní òun ò tún ní í gbé orúkọ ọmọ kankan lọ bá àwọn akọ̀wé mọ́, àfi tó bá dá òun lójú pé ọmọ náà dúró. Mo dúró, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé yá, wọ́n fa ìwé olóògbé yọ, wọ́n fi mú mi wọlé. Orúkọ tí àwọn tíṣà fi ń pè mí, tirẹ̀ ni. Ti inú ilé ni tèmi. Ta ni nínú wa níbí tí kò ní orúkọ ilé àti orúkọ ìwé? Báwo ni n bá ṣe fura?

Àǹtí mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí mi gan-an, torí kò tíì dé Gabon nígbà yẹn. Bàbá mi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, iyè bàbá mi sì ti ń ṣá. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìyá mi ti ti ọjà dé. Bí ọdún yẹn bá fi bọ́ lọ́kàn rẹ̀, ó tán nìyẹn, n ò ní í mọ̀ ọ́n láyé.

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ọmọ tó ti kú ló bí mi sí. Mo jowú rẹ̀. Òun ló ni ará Kóńgò, òun ló ni ará Jàmáíkà, òun ló ni àwọn obìnrin yẹn tí ohùn wọn dùn. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà lójú oorun mi, òun ni wọ́n wá wò.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ bi bàbá mi, orúkọ ìyá mi ló pè mí. Nígbà kejì, ó ń sùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo bá a tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọkùnrin Kutonu kan tó ń ta ṣájà fóònù ló ń lo ṣọ́ọ̀bù báyìí. Pẹpẹ àti kásẹ́ẹ̀tì ti wà nínú pálọ̀, wọ́n sì tò bí wọ́n ṣe ń tò tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́. Kò jiyàn. Ó ní òtítọ́ ni, pé ẹ̀gbọ́n mi lòun ń gbé orin yẹn fún lọ́dọọdún, kó lè mọ̀ pé àwọn òbí rẹ̀ ò gbàgbé rẹ̀. Èmi lòun ń fi jókòó síbẹ̀, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo bi í pé ọdún wo wá ni tèmi. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó pè é jáde: ọdún kẹta sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo dìde, mo lọ fi ìka tọ àwọn bébà ara pẹpẹ. Mo rí ọdún tó ṣáájú rẹ̀, mo rí èyí tó tẹ̀ lé e. Tèmi ò sí. Mo tún un wò látòkè dé ìsàlẹ̀. N ò mọ̀ pé mo ti gbóhùn sókè sí bàbá mi, tí mo ń bi í pé ṣé gbogbo ayé ò rí ẹgbẹ́ kan péré dá sílẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí mi ni.

Ó nawọ́ sí mi pé kí n wá jókòó.

“Wọ́n á ti dá a sílẹ̀, ọmọ mi, ayé ò dúró. Èmi ni n ò gbọ́. Oṣù méje ni wọ́n bí ọ, èémí rẹ ò dún rárá. Ìyá rẹ á tẹ́ ọ sẹ́yìn káńtà, èmi á pa rédíò. Oníbàárà á wá, mo máa ní kó lọ. Ọdún yẹn gbáko, ìwọ nìkan ni mo ń gbọ́.”