Ìwọ Kọ́ Lo Ni Ológbò Náà

Títí di òní, bí tram, ọkọ̀ èrò inú ìlú wa, bá ti ń gba iwájú ilé ìtọ́jú ẹranko yẹn kọjá, òdìkejì títì ni mo máa ń kọjú sí. Ẹ̀rù kò bà mí o. Inú ló ń bí mi. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé, pé ṣebí ọ̀rọ̀ ológbò lásán ni. Mo sọ fún un pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ létí mi mọ́.

Padua, ní ilẹ̀ Italy, ni mo ń gbé. Badante ni mí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Màmá ni mò ń pè wọ́n. Àjà kẹta ni ilé wọn wà, etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún sì ti ń fà nílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ń gbé ní Treviso, ọjọ́ Sunday ló máa ń wá. Lẹ́yìn èmi, ológbò kan ṣoṣo ló tún wà pẹ̀lú wọn, akọ, aláwọ̀ eérú, tó sanra bí ìrọ̀rí. Orúkọ ọkọ wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè é, wọn á sì máa bá a jà lórí ọ̀rọ̀ tí ọkọ ọ̀hún ti dá sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Èmi kò fẹ́ràn ológbò. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ológbò bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi á gbé ìgbálẹ̀, á lé e dé ojú títì, á sì máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé e lórí. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́ tí mo fi wà lọ́dọ̀ Màmá, bí tiwọn bá ti fò gun àga, èmi á dìde. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wọn ní kí n máa bá wọn tún lettiera ṣe, ìyẹn ọpọ́n oníyanrìn tí ológbò máa ń tọ̀ sí. Kò sí nínú ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tán, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ní kí n ti fèrèsé. Mo gbà. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń fi ṣíbí oníhò kó ìgbẹ́ ológbò àti yanrìn tí ìtọ̀ rẹ̀ ti mú dì. Ìṣù ìtọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń bá níbẹ̀, nígbà míì mẹ́rin.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ìtọ̀ kì í ṣe ohun ìríra. Òun la fi ń mọ bí ara ẹni tí à ń tọ́jú ṣe rí. Mo ní ìwé kékeré kan ní kíṣìnì Màmá tí mò ń kọ ọ́ sí: ìgbà tí wọ́n tọ̀, bó ṣe pọ̀ tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ọdún tó ṣáájú, èmi ni mo rí i pé wọn kò tíì tọ̀ láti òwúrọ̀, tí mo sì pe dókítà. Àìsàn ti ń wọ inú kíndìnrín wọn lọ. Dókítà náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣeun, mo lójú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ mi bí ara ṣe ń rí nígbà tí omi kò bá rí ọ̀nà jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ṣí lettiera, yanrìn gbẹ fáú. Ìgbẹ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìṣù kan. Mo bi Màmá bóyá àwọn ló tún un ṣe. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ débẹ̀. Mo bá jókòó, mo ń wo ológbò náà. Ó wọ inú yanrìn, ó lóṣòó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí nǹkan. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá abẹ́ ara rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún padà síbẹ̀. Ní ìgbà kẹta, ó ké. Mo ti mọ igbe ebi rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ebi.

Mo pe ọmọ Màmá.

"Ológbò yìí kò tọ̀, signora."

"Ìgbẹ́ ló ń há a," ló wí. "Ó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Fi epo olífì díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀."

"Ìgbẹ́ rẹ̀ wà nínú yanrìn, èmi ni mo kó o. Ìtọ̀ ni kò sí."

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Fún un ní epo, ó máa lọ."

Ó pa fóònù. Mo wá ìwé ìtọ́jú ológbò náà nínú àpótí, mo rí nọ́ńbà ilé ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n máa ń gbé e lọ, mo pè. Akọ̀wé wọn ló gbé e, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò tíì gbó.

"Ṣé ìwọ lo ni ológbò náà?"

"Rárá o. Èmi ni badante ìyá tó ni ín."

"Ìwọ kọ́ lo ni ológbò náà. Kí signora fúnra wọn bá mi sọ̀rọ̀."

Àwọn ará ibí náà ní "ẹ" àti "o" tiwọn. "Lei" ni "ẹ", "tu" ni "o". Àgbàlagbà méjì tí kò mọ ara wọn rí kì í ṣe "tu" síra wọn. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ti bímọ, ọmọdé yìí kò sì rí mi rí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Italian, ó sì ti pinnu irú ẹni tí mo jẹ́. "Tu" ló ń ṣe sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé fóònù fún Màmá. Wọn kò gbọ́ ìbéèrè dáadáa. Wọ́n kàn ń pariwo pé, "Ó ń jẹun! Ó sanra dáadáa!" Nígbà tí mo gba fóònù padà, ọmọbìnrin náà ti rí ohun tó fẹ́.

"Ṣó o gbọ́? Ó ń jẹun. Akọ ológbò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Àbí o ti pààrọ̀ irú yanrìn tí wọ́n ń lò?"

"Mi ò pààrọ̀ nǹkan kan. Kò tọ̀!"

"Dókítà á rí i ní Monday."

Inú tún ń bí mi sí ara mi, nítorí mo lọ sílé ní aago mẹ́fà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ. Nílé, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú WhatsApp àwọn obìnrin ìjọ wa. Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sister, ṣé torí nǹkan àjẹ́ lẹ ṣe ń dààmú?" Ẹnìkejì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ní tiẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ ìrora ni, kí n fún un ní ìlàjì paracetamol kó lè sùn. Mo rò ó. Kí n má purọ́, mo ti fi sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú báàgì tí màá gbé lọ ní àárọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, ló rí i, tó sì bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé fún un ní Yorùbá. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó kà á, ó kígbe:

"Mamma, no! Per i gatti è veleno!"

Májèlé ni fún ológbò. Ìlàjì kan péré lè pa á. Ó tún kà á síwájú, ó ní bí akọ ológbò bá ń tiraka tí kò tọ̀, wọn kì í dúró di ọjọ́ kejì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Mo yọ oògùn náà kúrò nínú báàgì.

Nígbà tí mo débẹ̀ ní àárọ̀ Friday, ológbò náà wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ti bì síwájú ara rẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, kò bá mi jà. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, nǹkan kan le gbandi níbẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Mo pe ọmọ Màmá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Mo wá sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ obìnrin ará Moldova tó ń tọ́jú bàbá kan ní àjà kejì, ó ní bàbá rẹ̀ ṣì ń sùn, ó wá jókòó ti Màmá. Mo tẹ́ aṣọ ìnura sínú ọmọlanke kékeré tí Màmá fi ń lọ sọ́jà, mo gbé ológbò sí i, mo wọ tram. Àwọn èèyàn ń wo ọmọlanke tó ń ké.

Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ dìde.

"Mo ti sọ fún ẹ pé Monday ni."

"Ẹ fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ ná."

"Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwọ náà kì í sì í ṣe dókítà."

Mo gbé ológbò náà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, sórí àwọn ìwé rẹ̀. Ó ní kí n má pariwo, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pariwo. Ìgbà náà ni mo wá pariwo. Italian mi sá lọ, Yorùbá ló jáde: "Ó ń kú lọ níwájú yín! Ṣé ẹ kò lójú ni?" Obìnrin kan tó gbé ajá rẹ̀ lé itan sún sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn inú ṣí, dókítà jáde, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Kò bi mí pé ta ló ni ológbò. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná àárọ̀. Mo pe ibí ní aago mẹ́wàá."

Ó wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Dókítà gbé ológbò wọlé, ó ní kí n máa bọ̀. Ó ní ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín, pé nǹkan bí iyẹ̀pẹ̀ ló ti dí i, pé òun máa kùn ún lóorun kí òun lè ki catetere, rọ́bà tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà jáde, bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ catetere fún mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ fún un láṣẹ. Bí fóònù mi ṣe dún nìyẹn. Ọmọ Màmá ni. Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́, nítorí náà èmi ni mo di fóònù náà mú sí i létí.

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ tètè kíyè sí i," ló sọ fún un. "Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú."

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere. "Láti àná lọkàn mi kò ti balẹ̀, dókítà."

Èmi ni mo di fóònù mú o. Irun ológbò wà lára ẹ̀wù mi, èébì rẹ̀ wà lápá mi. Mo fa fóònù sẹ́nu ara mi.

"Signora, epo olífì lẹ ní kí n fún un."

Dókítà wò mí, ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Signora, ṣé ẹ fún mi láṣẹ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n bọ́ síta.

Ológbò náà yè. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ní Sunday, ọmọ Màmá dé, kò mẹ́nu kan epo. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ta ló fún mi láṣẹ láti fi ìyá òun sílẹ̀ pẹ̀lú àjèjì.

"Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín láti ọdún mẹ́fà ni àjèjì?" ni mo wí.

Màmá rí i pé à ń jà, wọn kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n bi mí ta ló gbé e lọ. Mo tẹnu mọ́ etí wọn, mo ní èmi ni. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Kí lo wá ń bá a jà sí?"

"Mamma, kò yé yín."

"Ó yé mi," ni wọ́n wí. Wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ náà pé bí orúkọ mi kò bá wọ ìwé ilé ìtọ́jú náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gbẹnu sọ fún ológbò yìí, èmi kò ní kó yanrìn rẹ̀ mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi fọwọ́ kan lettiera, obìnrin ará Moldova ló ń bá Màmá ṣe é. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ọmọ Màmá fọwọ́ sí ìwé.

Dókítà ní oúnjẹ olómi inú agolo ni kí n máa fún un, kí omi wà ní yàrá mẹ́ta, kí n sì máa ka ìṣù. Mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé Màmá, ti Màmá níwájú, tiẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún pe ibẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, akọ̀wé náà tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tu". Mo ní, "Ẹ bá mi lo Lei, ẹ jọ̀wọ́." Láti ìgbà náà, kò lo ìkankan nínú méjèèjì mọ́. Ó ń yí gbólóhùn po kó má baà pè mí ní ohunkóhun.

Màmá kú ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, lójú oorun. Ọmọ wọn gbé ológbò lọ sí Treviso. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ní lẹ́tà gàdàgbà, oúnjẹ, omi, ìṣù, ohun tí a kì í fún ológbò, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àgò tí wọ́n fi gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo pè é.

"Ó wà dáadáa," ló wí.

"Ṣé ó ń tọ̀? Ìṣù mélòó lẹ̀ ń rí?"

"Mo ní ó wà dáadáa." Ó pa fóònù.

Mi ò pè mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bi í kọ́ ló dáhùn, mo sì mọ̀ pé kì í ka àwọn ìṣù náà.